Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀kọ́ Orin Ṣí Ọ̀nà fún Àwọn Ọmọ Aláìní ní Òṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní orin ní ìlú Òṣogbo kò gbọdọ̀ fi ríra ohun èlò bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti fèrè idẹ tó ń dán ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, nítorí pé àwọn ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣojú mi lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú yìí tí ohun èlò olówó ńlá di ilé eku nínú yàrá tí wọ́n tì pa, láìsí ọmọ kan ṣoṣo tó fi wọ́n kọ́ nǹkan kan. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni àwọn ọmọ náà fúnra wọn, lẹ́yìn náà ni ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà jáde ní ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí àkókò tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìlù lù dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ibi tí ìlù lè gbé e dé hàn án, òde ìnáwó ni yóò bá a dé, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún olùkọ́, fún aṣíwájú akọrin ìjọ, fún ààfáà tó ní ilé-kéú, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní i lọ́kàn láti kó ọmọ mẹ́wàá sí ogún jọ ní àdúgbò rẹ̀. Inú iṣẹ́ tí mo ti ṣe láàrin àwọn ọmọdé ni mo ti yọ ọ́, àwọn àṣìṣe mi sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe rí àwọn ọmọ náà

Bí ẹ bá kàn lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹ̀kọ́ orin ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí yóò kọ́kọ́ dé ni ọmọ àwọn òbí tó mọ̀wé, tí wọ́n ráyè mú ọmọ wá, tí wọ́n sì lágbára owó ọkọ̀. Kò burú bí wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a torí rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ń gbé igbá kiri Ọjà Ọba ní àkókò yẹn, kò sì lè ka ohun tó wà lára ògiri. Kì í ṣe Òṣogbo nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1975, ní orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúẹ́là, José Antonio Abreu kó ọ̀dọ́ 11 jọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìlú Caracas láti kọ́ wọn ní orin. Iṣẹ́ náà dàgbà di ètò tí gbogbo ayé mọ̀ sí El Sistema, inú rẹ̀ sì ni Gustavo Dudamel ti jáde tó fi di olùdarí ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Los Angeles. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ètò náà wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2017, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tálákà kò pọ̀ nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó bí wọ́n ṣe pọ̀ tó láàrin ìlú. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ètò tí ìjọba ń ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, yóò ṣẹlẹ̀ sí tiwa náà àfi bí a bá dìídì dènà rẹ̀.

Bí mo ṣe ń dènà rẹ̀ ni pé mo máa ń lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní àdúgbò, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà ṣùgbọ́n tí ìjókòó wọn máa ń ṣófo ní ọjọ́ ọjà, mo sì máa ń bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọjà kí ó mú mi kiri ìsọ̀. Ẹ fi ìdajì àyè tí ẹ ní sílẹ̀ fún àwọn wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ gba oṣù méjì kí ó tó kún. Ẹ má sì ṣe fi ìdánwò yan wọn. Ọmọ tí kò di ohun èlò orin mú rí kò lè fi ẹ̀bùn hàn yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù nìkan ni ẹ ó rí.

Bí ẹ bá ti mọ ọmọ, ẹ lọ sí ilé rẹ̀ kí ẹ tó bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá bá ti dé. Ẹ kí ìyá àgbà tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó béèrè ẹnikẹ́ni, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, ẹnu ìyá àgbà ni ẹ ó ti gbọ́ bóyá ọmọ yóò máa wá tàbí kò ní í wá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí bí wọn kò bá fẹ́.

Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ náà ń bá ilé wá owó. Ìyá kan bi mí pé, "Tíṣà, bí ó bá jókòó tì yín láti aago mẹ́rin, ta ni yóò bá mi ta ẹ̀kọ ìrọ̀lẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ìwàásù dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kò fẹ́ kí a máa lo ọmọdé láti kiri ọjà ní títì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òfin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ilé ẹni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo sọ fún màmá náà pé a ó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta fún ọmọ tirẹ̀, a ó sì dá a sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí ìsọ̀ tó gbóná. Ó gbà. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ó rí i pé ọmọ náà ń ka ìwé ìròyìn fún àwọn oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a tajà.

Èkejì ni pé wọ́n ka orin sí iṣẹ́ alágbe. Ẹ má bínú sí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ti rí àwọn tó fi orin ṣagbe ní tòótọ́. Ẹ rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú òun fúnra rẹ̀. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, tó ti jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Ḿbàrí Ḿbáyọ̀, ilé tí wọ́n ti ń ṣeré tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan tó ń gbé ìlú náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ẹni tó retí ohun ńlá lọ́dọ̀ wọn ló wọ́ lọ síbẹ̀. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná orí ìtàgé. Twins Seven-Seven bá ijó wọlé. Muraina Oyelami ń ṣeré, ó ń lu ìlù, ó sì padà di olùkọ́ ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1964 ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ gbé eré wọn dé ìlú Berlin ní Jámánì, àwọn tó mú àwòrán yíyà kún un sì di ẹni tí iṣẹ́ wọn wà ní ilé ọnà káàkiri ayé, débi pé UNESCO fi Twins Seven-Seven joyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Ìyá àgbà tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lè ti gbọ́ ìlù wọn nígbà tí ó wà ní ọmọge. Ẹ bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtakò ti tibẹ̀ di ìtàn tí a jókòó gbọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀sìn, èyí sì ń fẹ́ òótọ́ inú. Ẹ sọ irú orin tí ẹ ó kọ́ ọmọ náà fún wọn ní kedere, kí ẹ sì ṣe ìlérí pé ọmọ Mùsùlùmí kò ní í kọ orin ìjọ bí ilé rẹ̀ kò bá fẹ́, àti pé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kò ní í lu ohun tí ìjọ rẹ̀ kọ̀. Orin àlọ́, orin iṣẹ́ àti orin eré òṣùpá pọ̀ tó láti fi kọ́ni fún ọdún méjì láìkan ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 1961, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde tí ó kọ fún ìjọ rẹ̀ ní ìlú yìí, àwọn kan kọ̀ ọ́ gidigidi. Lónìí, ta ni kò gbọ́ gángan rí nínú ilé ìjọsìn?

Ibi ìpàdé àti àkókò

Ẹ wá yàrá tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láìsọdá títì ńlá. Yàrá tó ní òrùlé páànù láìní àjà kò dára, nítorí pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ kò ní í gbọ́ ohùn ara yín títí di oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, sàn ju gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lọ, nítorí pé ọwọ́ àti etí ọmọdé a máa gbàgbé kíákíá. Ẹ yẹra fún àkókò ìrun Jímọ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ sì pèsè oúnjẹ, ìbáà ṣe gàárì àti ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ebi kì í jẹ́ kí ọmọ fi etí sílẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí oúnjẹ yìí nìkan ni wọn yóò rí jẹ láàrin òwúrọ̀ sí alẹ́.

Etí ni ìpìlẹ̀

Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ilé-ìwé sì ti kọ́ ọ láti máa pè wọ́n ní dò, re, mí. Kò sí ohun tí ẹ ó san fún ọrọ̀ yìí, mo sì ń kẹ́dùn pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ orin fi í sílẹ̀ láti lọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin òyìnbó tí ọmọ kò gbọ́ rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sára pátákó: igba tí a fi ń ka nǹkan, re re, igbá tí a fi ń bu omi, re mí, ìgbà tí í ṣe àkókò, dò dò, ìgbá tí a ń jẹ, dò mí, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, re dò. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n wá pa ẹnu dé kí wọ́n fi imú kùn ún, kí wọ́n tó lù ú lórí ìlù, kí ẹnìkan sì máa lù ú nígbà tí àwọn tó kọ ẹ̀yìn sí i ń sọ èyí tí ó lù. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sórí orúkọ wọn. Ẹ ní kí ọmọ kan lu oríkì ẹnìkan, kí ẹni tí a pè dìde. Bí ó bá lu Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ yóò dìde, Àbẹ̀kẹ́ yóò dìde, Àjàní àti Àkànní náà yóò dìde, nítorí pé dò dò mí ni gbogbo wọn. Àjọkẹ́ nìkan ni yóò jókòó, nítorí pé dò re mí ni tirẹ̀. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀ ni kí ẹ tó béèrè ohun tí àyàn máa ń ṣe tí àlejò rẹ̀ kì í fi ṣi ìlù gbọ́. Wọn yóò rí ìdáhùn náà fúnra wọn: onílù kì í dúró sórí orúkọ, ó máa ń fi oríkì tó gùn gbè é lẹ́sẹ̀ títí yóò fi dájú ẹni tí ó ń kí. Ọmọ tó bá ti fi eré mọ èyí ti mọ ìdí tí gbólóhùn orin fi máa ń gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, kò sì ní í gbàgbé rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ. Dò, re, mí ti inú ọ̀rọ̀ wa kò ní ìwọ̀n tó dúró lójú kan. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀, bí ìyàtọ̀ bá ṣáà ti wà láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti sol-fa, ìlànà tí a fi do, re, mi kọ orin sílẹ̀, ní ìwọ̀n: ibi tí re wà sí do kì í yẹ̀, ibi tí mi wà sí re náà kì í yẹ̀. Bí ẹ kò bá là á yé wọn ní kùtùkùtù, wọn yóò máa kọrin bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Sarah Glover àti John Curwen ló fi ẹsẹ̀ sol-fa múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, àwọn akọrin ìjọ wa sì ti fi ń kọ́ orin láti ìgbà àwọn baba wa, nítorí náà kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní í ti rí bàbá kan tó lè kọ ọ́ sára pátákó láìwo ìwé. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Pátákó àti ẹfun nìkan ni ẹ̀kọ́ sol-fa ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sí sol-fa. Láti ọdún kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí a ṣe ń ka orin lórí ìlà márùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan lọ́sẹ̀ kan, nítorí pé gbogbo ìdánwò tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn níwájú, orí ìlà márùn-ún ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí etí wọn mú ju tèmi lọ tí wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga nítorí èyí nìkan.

Ohun èlò, láti inú ìlú wá

Nígbà tó bá wá yá tí owó yóò jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, níbi tí àwọn ìdílé àyàn ti ń lu ìlù láti ìran dé ìran, tí àwọn kan nínú wọn sì ti gbé dùndún àti bàtá dé ìlú òyìnbó. Ẹ má lọ kàn ra ìlù kí ẹ sì máa bọ̀. Ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn àgbà kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ sì san owó fún un bí ẹ ṣe ń san fún olùkọ́ kíbọ́ọ̀dù, láìdín kọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ sì rí i pé àga tí ẹ fún un kò rẹlẹ̀ ju tiyín lọ. Àwọn àyàn kì í fún ọmọdé ní ìyá ìlù; gúdúgúdú àti àwọn omele ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dúró sójú kan ni wọ́n ń wá, kí ó tó di ẹni tó ń fi ìlù sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀lé ìlànà náà. Ọmọ tó bá lè di ìlù kan náà mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsáré, láìfà sẹ́yìn, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un lórí ohun èlò yòówù.

Bí ẹ bá ń yan ìlù, ẹ wo ojú awọ bóyá ó nípọn dọ́gba, kí ẹ fún ọ̀sán rẹ̀ mọ́ra kí ẹ wò ó bóyá ohùn náà ń gòkè láìhá, kí ẹ sì wo igi rẹ̀ bóyá ó ti là. Ní ìgbà òjò, awọ a máa rọ̀, nítorí náà ẹ gbé wọn kọ́ sókè, ẹ má tò wọ́n sílẹ̀.

Fèrè ọlọ́rá, èyí tí ilé-ìwé ń pè ní rẹ́kọ́dà, ni mo máa ń fi ṣìkejì ìlù. Kò wọ́n, kò fẹ́ iná mànàmáná, ọmọ sì lè gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan, fèrè kan, nítorí ẹnu ni wọ́n fi ń fọn ọ́n. Kíbọ́ọ̀dù kan tó fún ọmọ mẹ́fà bí àwọn tí kò tíì kàn bá ní páálí tí wọ́n ya ojú kíbọ́ọ̀dù sí, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń tẹ ti gidi. Àwọn fèrè idẹ dára púpọ̀, pàápàá níbi tí ẹgbẹ́ Boys' Brigade bá ti lè yá yín ní olùkọ́. Ti fayolíìnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí olùkọ́ tí kò ní í kọjá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sì rò pé àìsí ohun èlò ni yóò dá iṣẹ́ dúró, kí ó wo Kinshasa ní Kóńgò, níbi tí Armand Diangienda, awakọ̀ òfuurufú tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti dá ẹgbẹ́ olórin ńlá sílẹ̀ ní 1994, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pín ohun èlò díẹ̀ lò. Kí ó sì wo Cateura ní Paraguay, níbi tí Favio Chávez àti àwọn ará àdúgbò ti fi agolo àti pàǹtírí orí ààtàn ṣe fayolíìnì fún àwọn ọmọ.

Òde ìnáwó

Bí àwọn ọmọ yín bá ti lè lu ohun tó gún régé, bóyá ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ẹnìkan yóò wá bẹ̀ yín pé kí wọ́n wá lù níbi ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Níná owó fún onílù jẹ́ àṣà tó níyì, òun ló bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé àyàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n lẹ owó mọ́ níwájú orí ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ó sì rí i pé ó ju èrè ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ, yóò ṣòro fún un láti padà wá jókòó ti ìlà márùn-ún ní ọjọ́ Ajé. Bí mo ṣe pàdánù ọmọkùnrin méjì nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo mú wọn jáde, nítorí pé a nílò owó láti pààrọ̀ awọ ìlù. Láàrin oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ olórin kan ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ọdún tó yí, wọn kò lọ sí ilé-ìwé mọ́ ní ọjọ́ Ajé nítorí oorun, lẹ́yìn náà wọn kò lọ mọ́ rárá. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń lu ìlù ní àwọn òde ní agbègbè wa, ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá pàdé ni mo máa ń rántí pé ó kù ọdún kan péré kí ó ṣe ìdánwò.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé láti ìgbà náà nìyí. Ní ọdún kìíní, a kì í gba òde kankan. A máa ń pe àwọn òbí wá gbọ́ wa nínú yàrá wa. Láti ọdún kejì, òde kan ní oṣù kan ló pọ̀ jù, ojú ọ̀sán ni, pẹ̀lú àgbàlagbà méjì tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, àti ìwé tí òbí fọwọ́ sí tàbí tẹ̀ka sí. Gbogbo owó tí wọ́n bá ná lójú agbo, inú àpò kan ṣoṣo ni ó ń lọ. A ó kà á lójú gbogbo àwọn ọmọ, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó yọ ti àtúnṣe ìlù, a ó sì fi ìyókù lé àwọn òbí lọ́wọ́ ní ọgbọọgba, ìbáà ṣe ọmọ tó lu ìyá ìlù tàbí èyí tó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Bákan náà, kí olùkọ́ kankan má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ìbáà ṣe ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ àti àwọn ìyá wọn pé ìlànà ni, kí wọ́n lè sọ ọ́ jáde bí ẹnìkan bá rú u.

Àwọn ẹnu ọ̀nà

Ẹ jókòó ti ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá pé ọdún méjìlá, kí ẹ jọ yan ọ̀nà tí ẹ ń wò, nítorí pé ìmúrasílẹ̀ wọn kò dọ́gba. WAEC ní Orin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a lè yàn nínú ìdánwò àṣejáde. Bí ilé-ìwé ọmọ náà kò bá kọ́ ọ, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì àgbà, kì í ṣe ní ọdún tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdánwò ABRSM ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní ìpele 1 sí 8, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin fi ń díwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìpele 6 níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìmọ̀ orin kíkọ àti kíkà ti ìpele 5, tàbí ìdánwò mìíràn tí ABRSM gbà dípò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ìlà márùn-ún. Ní MUSON, ilé ẹgbẹ́ olórin tó wà ní Oníkan ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ díplómà orin wà tí MTN Foundation ti san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Nítòsí wa, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka Orin, Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn náà sì ní tirẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ọmọ lè wọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó já fáfá nìkan. Wọn yóò béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan fún ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń kọ lẹ́nu ni kí ẹ fi kọ́ wọn, nítorí pé ọmọ tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí máa ń dá lẹ́tà mọ̀ kíákíá.

Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò lọ sí yunifásítì, kò sì yẹ kí a máa wo àwọn yòókù bí ẹni tó kùnà. Àwọn ìjọ ń san owó oṣù fún ẹni tó lè tẹ dùùrù tí ó sì lè ka orin. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn tí wọ́n ń gba ènìyàn sí. Àwọn ilé-ìwé aládàáni ń wá olùkọ́ orin. Ẹni tí etí rẹ̀ mú, tí kò fẹ́ràn àti máa dúró níwájú èrò, lè kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amóhùn-dún-gbẹ̀mù tàbí gbígba orin sílẹ̀, èyí tí òde àti ilé ìjọsìn ń nílò lójoojúmọ́. Ìlù ṣíṣe náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ní oníbàárà nílé àti lókè òkun. Fún ọ̀nà yòówù kí ẹ jọ yàn, ẹ ní ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń kọ ohun tí ó ti kọ́, ibi tí ó ti ṣeré àti ọjọ́ rẹ̀ sí, nítorí pé ọmọ ọlọ́rọ̀ ní ẹni tí yóò pe ìpè fún un. Ìwé yìí ni yóò bá ọmọ aláìní sọ̀rọ̀.

Bí ọmọ bá dáwọ́ wíwá dúró

Ẹ máa pe orúkọ ní gbogbo ìpàdé. Ọmọbìnrin kan tó ń fọn fèrè dáadáa pa ìpàdé jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan, mo ní àárẹ̀ ni. Ó pa ti ọ̀sẹ̀ kejì jẹ, mo ní yóò wá. Ìgbà tí mo fi máa dé ilé wọn lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ti mú un lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìlú mìíràn, nítorí gbèsè tí ǹ bá ti gbọ́ nípa rẹ̀ bí mo bá tètè lọ, tí à bá sì ti jọ wá nǹkan ṣe sí i. Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ti pa ìpàdé méjì jẹ, mo ń lọ ní ọjọ́ kẹta, ìbáà ṣe òjò. Ẹ má lọ bí ẹni tó wá fi ẹjọ́ sùn. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè àlàáfíà ilé, ẹ jókòó bí wọ́n bá fún yín ní àga, ẹ má sì mẹ́nu kan orin títí wọn yóò fi sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ ti mú fèrè rẹ̀ dání, ẹ fún un kí ó fọn ohun tí a kọ́ kẹ́yìn fún ìyá rẹ̀ gbọ́.